Ewé Igbó Tó Yí Àwọ̀ Padà

Ọ̀kẹ́ owó mẹ́ta ni Baba Ṣírò ṣì jẹ àbúrò ìyàwó rẹ̀, kò sì ní in lọ́kàn láti san án. Obìnrin náà ló ta ẹ̀ka igbó, ewé tí wọ́n ń mu bíi sìgá, fún un láti gbìn, irú tí ilé-iṣẹ́ olóògùn ń rà lọ́wọ́ àwọn tó níwèé àṣẹ, tí ewé rẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n bí òtútù ti dé báyìí, ewé inú ilé onídígí tí Baba Ṣírò gbìn ín sí ń di elésè àlùkò. Bó bá jẹ́ irú mìíràn ni, ilé-iṣẹ́ kò ní rà á, iṣẹ́ ọdún kan gbé nìyẹn.

Ó pe obìnrin náà lórí fóònù.

"Àbúrò, irú wo lo kó fún mi?"

"Irú tẹ́ ẹ san ìdajì owó ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ewé tiwa níbí ti wọṣọ ìyàwó, ó ti di elésè àlùkò."

"Àbí ojú yín ló ń bá ọwọ́ yín wá ọ̀nà tí ò fi ní sanwó?"

Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọ́ wọn, ní, "Ẹni tó ń fura sí gbogbo ayé, kó fura sára rẹ̀ díẹ̀."

Baba Ṣírò ra àgádágodo kejì sẹ́nu ọ̀nà. Láràárọ̀ ló ń wá ipasẹ̀ àlejò nínú ilé onídígí, tó ń gbóòórùn omi, tó ń fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀ wò bóyá ẹnìkan da nǹkan sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òtútù mú ìka rẹ̀ gan. Ó lọ yáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ara rẹ̀ máa ń gbóná. Ibi tó ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra ìkejì ló ti rí i pé àwọn igbó tó yí ẹ̀rọ náà ká ṣì ní àwọ̀ ewé. Òwú pupa tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ fi sàmì sí ẹ̀ka rẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Ó wo àwọn elésè àlùkò: òwú pupa kan náà. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn.

Ó wá rántí ẹ̀rọ amúlégbóná. Látìgbà tí òtútù ti dé, bí oòrùn bá ti wọ̀ ló ń pa á, kí owó iná má baà gun òkè. Ewé ń rí ooru lọ́sàn-án, ó ń gbọ̀n mọ́jú.

Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlégbóná máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Èyí tó ti yí àwọ̀ kò padà, ṣùgbọ́n ewé tuntun tó ń rú jáde ní àwọ̀ ewé.

Ó kó ọ̀kẹ́ mẹ́ta náà lọ bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ nílé.

"Ẹ̀rọ amúlégbóná ni mo ń pa," ó ní. "Iná wọ́n."

"Ẹ wá ń fòtútù bomi rin ín. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ sí mi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n, kò wọ́n?"

Ó na owó náà sí i. Obìnrin náà gbowó, ó kà á lójú rẹ̀, ó na èyí tó mú un fura sí oòrùn wò, ló bá tún un kà.

"Ó jọ pé ó pé," ó ní.