Ère Inú Pálọ̀ Wa

Òórùn kánfọ̀ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé l'Ékòó ló rán mi létí ọ̀sán kan l'Ọ́tà. Kóòtù tí ìjọba ń kó ère tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú pamọ́ sí ń jò, ni wọ́n bá kó wọn wá sí pálọ̀ bàbá mi, akọ̀wé kóòtù, tòun ti òórùn kánfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò lára wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lọ́rì wá kó wọn lọ sí Èkó. Màmá mi mú kékeré méjì nínú wọn.

“Mùsùlùmí ni wá,” bàbá mi wí jẹ́jẹ́.

“Ẹ jẹ́ n wẹ̀ fún wọn ná.”

Ó wẹ̀ fún wọn, ó fi òrí pa wọ́n lára. Kò yé mi. Ta ló ń wẹ̀ fún igi? Màmá mi ti kú kí n tó gbọ́ pé ìbejì tó kọ́kọ́ bí, tí wọ́n kú, ló ni ère méjì yẹn.

Lọ́jọ́ náà, màmá mi fúnra rẹ̀ ló kó wọn fún awakọ̀. Ó ní, “Ẹ má dojú wọn délẹ̀.”