Bèbí Ẹ̀pẹ́ Tí Mo Nù Mọ́ Tónítóní

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ rí, tí mo tún pa á rẹ́. Lónìí, màá kọ ọ́ tán.

Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé mo máa ń kó bèbí àtijọ́ jọ. Kì í ṣe bèbí oníke tí wọ́n ń tà lọ́jà o! Bèbí òyìnbó ayé ìjọ́sí ni, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlúù pò pọ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀dà kùn lójú. Kọmpósíṣọ̀n là ń pè é. Omi ò gbọdọ̀ kàn án, torí tómi bá kàn án, á wú, ọ̀dà ojú rẹ̀ á sì máa bó. Ọkọ mi ní ọmọ tí kì í sunkún ni mo ń kó wálé. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àbí?

Ohun tí àwa tí à ń kó wọn jọ máa ń wá ni orijínà. Ṣé aṣọ tó wọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀? Ṣé bàtà rẹ̀ pé méjì? Fìlà rẹ̀ ńkọ́? Ohunkóhun tí èèyàn bá fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, àbùkù ni lójú tiwa.

Risi tó ń ṣe irun fún mi ní Ìgbògbò ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Mo jókòó kó bá mi dirun, mo ń fi fọ́tò àwọn bèbí mi hàn án lórí fóònù, ló bá ní irú rẹ̀ kan wà nílé àwọn. Ó ní wọ́n gbé ìyá ìyá òun, Alhaja, lọ sí ọsibítù nítorí ojú, òun wá ń bá wọn tún yàrá ṣe, òun sì rí i nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn. Ó rò pé ohun ìṣeré àwọn ọmọ ilé nígbà kan ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde tòun ti irun àìdìtán!

Ó gbé e wá. Ẹ̀yin ará, mo pariwo! Gáùn funfun tó ní léèsì lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀, bàtà aláwọ oníbọ́tìnnì, fìlà tí wọ́n fi koríko hun. Ojú tó ń ṣí, tó ń pa dé. Gbogbo rẹ̀ pé. Risi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ohun tó kàn ń gbó lọ nínú àpótí ni.

Ó kàn dọ̀tí ni. Òróró bo ojú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń rùn àdí àgbọn. Ẹnìkan ti lé tìróò sí i lójú. Epo pupa ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí mo ká gáùn rẹ̀ sókè, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ pupa wẹ́wẹ́ nídìí rẹ̀.

Ṣé kò yẹ kí n dúró níbẹ̀? Èmi ọmọ bíbí Ìkòròdú, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ nídìí bèbí, mo rí epo lẹ́nu rẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ò ju pé àwọn ọmọdé ti fi ṣeré ṣeré!

Mo bá jókòó tì í. Mo fi òwú àti ìpara tí a máa ń lò nù ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi tún pọ́n. Tìróò lọ, epo lọ. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, mo dà á síbi pàǹtí, torí kì í ṣe orijínà. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ síbí, ẹ̀yin náà sì yìn mí. Inú mi dùn, n ò ní parọ́.

Àfi bí Risi ṣe pè mí níbi iṣẹ́. Alhaja ti dé láti ọsibítù. Wọ́n ti tú àpótí wọn wò, látìgbà náà ni wọn ò ti fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Wọ́n ń bi gbogbo ilé léèrè pé ta ló gbé Kẹ́hìndé.

Gbogbo ilé mọ̀ pé Táyé lorúkọ Alhaja. Wọ́n mọ̀ pé Kẹ́hìndé wọn kú ní kékeré. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àfi ìgbà tí Alhaja fi omijé sọ ọ́, ni pé bàbá wọn tó jẹ́ alfa kọ̀ kí wọ́n gbé ère ìbejì wọ ilé òun. Ìyá wọn ò sì lè fi ààyè ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ló bá ní kí wọ́n bá òun ra bèbí òyìnbó bọ̀ láti Èkó. Bèbí kì í ṣe ère, ta ló máa bá a jà? Bèbí yẹn ni ìyá wọn ń tọ́jú bí ọmọ, nígbà tó sì fẹ́ kú, ó fi í lé Táyé lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí Alhaja fi máa ń ti ilẹ̀kùn jẹun. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òkèlè kàn án lẹ́nu, kí àwọn tó jẹ. Àwọn ará ilé rò pé ìṣe àgbà ni.

Mo sáré délé, mo lọ wo ibi pàǹtí. Ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó o lọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Risi gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, bèbí wà lórí itan mi. Risi ló ní ká dúró ra ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti àdí àgbọn lọ́jà. Ó ní ojú Alhaja ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ríran, wọn ò ní mọ̀. Mo so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, mo fi àdí pa á lójú.

Alhaja jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti rù. Ìyá Risi dúró tì wọ́n pẹ̀lú abọ́ ògì, ó ń bẹ̀ wọ́n. Bí Risi ṣe ní a ti rí i, Alhaja na ọwọ́ méjèèjì. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn.

Wọ́n gbé e mọ́ àyà, wọ́n ń ṣe àlùhámúdù. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi àtàǹpàkò wá ẹnu rẹ̀, wọ́n pa á lọ, wọ́n pa á bọ̀. Wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ gáùn, wọ́n fọwọ́ ka ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ọwọ́ wọn dúró.

“Bèbí lẹ gbé wá fún mi,” ni wọ́n wí. “Kẹ́hìndé ni mo bèèrè.”

Ìyá Risi ní òun náà ni, pé wọ́n kàn nù ún ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin! Mo ní, “Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Òun ni. Èmi ni mo nù ún.”

“Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

N ò lè parọ́ mọ́. Mo ní mo ti dà á nù.

Wọ́n ní, “Ìdí Kẹ́hìndé gan-an ni ìyá mi ti bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ fún sísin. Òun nìkan ló kù lára ẹ̀ láyé.”

Wọn ò ṣépè fún mi. Ì bá sàn kí wọ́n ṣépè! Wọ́n rọra gbé bèbí náà padà sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní, “Máa gbé e lọ, ọmọ mi. O ò mọ̀.” Wọ́n wá yíjú sí ògiri.

Ìyá Risi bẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ wọn bẹ̀ wọ́n, dókítà wá. Wọ́n á gba omi díẹ̀, wọ́n á ní ó tó. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Risi pè mí pé wọ́n ń lọ sin Alhaja. Ẹ má sọ fún mi pé ọjọ́ ogbó ni. Gbogbo èèyàn ti sọ bẹ́ẹ̀, kò wọ̀ mí létí.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo kọ́? Ohun tí mo pè ní ìdọ̀tí, ìfẹ́ ni. Ìyá àti ọmọ ló fi ọwọ́ ara wọn kó o jọ sójú bèbí yẹn, èmi sì fi òwú nù ún dànù. Mo mọ ọjọ́ orí bèbí, mo mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, n ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbé ohun àgbà kan rí, tó wá já sí ohun tí ẹ ò rò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n tí àgbà tó ni nǹkan ọ̀hún bá ṣì wà láàyè, ẹ kọ́kọ́ dìde lọ bi wọ́n ná, kí ẹ tó kọ̀wé sí mi.