Wọ́n Ní Ọmọ Etí Ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an kì í yá mi lẹ́nu, ká má tíì sọ ti orí bébà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Madina, nílẹ̀ àwọn Gaa. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ta ike lọ́jà Tudu, èmi ni mò ń tọ́jú ọmọbìnrin wọn. Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ pe àwọn òbí, èmi ni wọ́n rán.

Tíṣà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní àwọn ọmọ kan ń fi ojú kẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan etí, àwọn kan ọwọ́. "Ọmọ etí ni tiyín, Àǹtí. Ẹ má fi ìwé kíkà dá a lágara. Ẹ máa kà á sí i létí."

Tíṣà àgbà obìnrin tó jókòó nítòsí pòṣé. "Etí wo ló ń kàwé? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn yìí. N ò tíì rí ọmọ tí pínpín yẹn sọ di ọ̀mọ̀wé."

"Màdáámù, àwọn ọmọ ò rí bákan náà."

"Ta ló ní wọ́n rí bákan náà?"

Ó wù mí kí n béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tá a délé, mo ní kí ọmọ náà mú ìwé rẹ̀ wá.

"Àǹtí, ọmọ etí ni mí. Ẹ̀yin ẹ kà á."

"Tó o bá dàgbà ńkọ́, ta ni yóò máa kà á fún ẹ?"

"Ọkọ mi!"

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá ń bẹ ẹni ẹlẹ́ni kó bá òun ka ara ìgò oògùn.

Bí mo ṣe ń din kelewele nírọ̀lẹ́, mo ń rò ó. Ojú ni mo fi kọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ oníata yìí lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Etí ni mo fi gbọ́ èdè Gaa. Irun dídì ńkọ́? Mo wò ó títí, n ò mọ̀ ọ́n, àfìgbà tí ọwọ́ mi dé e. Ọmọ kí wá ni èmi? Àbí ohun téèyàn ń kọ́ ló ń yan ojú tàbí etí fúnra rẹ̀? Ọmọ yìí kan náà, nílé kéwú, ó ń kọ kéwú rẹ̀ sí wàláà, ó ń wò ó, ó ń ké e sókè. Ó sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n ti ọjà dé, mo rọra sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìgbà wo lo di tíṣà?" ló wí. "Ẹni tó kàwé ti sọ̀rọ̀. Jẹ́ kọ́mọ sinmi."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ rọra, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má jóná."

Mo yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi padà nínú epo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn méjèèjì ti wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Tudu, mo tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, mo pe ọmọ náà jókòó tì mí, mo sì ṣí ìwé rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sókè, mo sì fi ìka sórí èkejì, mo ń dúró dè é lẹ́nu rẹ̀.