Mílíìkì Tí Bàbá Mi Bá Ṣọ̀tá

Ọkọ́ ló ṣá bàbá mi lẹ́sẹ̀ lóko wọn lọ́nà Òjòkú. Wọ́n fi ewé dì í, wọ́n ń bá ebè kíkọ lọ. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà fi wú, tí ibà gbé wọn dè, tí wọ́n ń fi orúkọ ìyá wọn tó ti kú pè mí. Èmi ni àkọ́bí wọn. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ télọ̀ ṣe. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, a gbé wọn sínú lọ́rì, ó di ọsibítù.

Dókítà ní kòkòrò ojú egbò náà ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí wọn lára. Ibà ń rọlẹ̀, inú mi ń dùn, àfi bí bàbá mi ṣe bì, tí èébì náà dúdú bí omi aró. Mo figbe ta.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ fara balẹ̀,” ó ní. “Bí àìsàn bá le tó báyìí, omi kíkan tó ń lọ oúnjẹ nínú wa á máa jẹ awọ ikùn fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ló dúdú yẹn. A ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ikùn wọn ṣófo. Ṣé wọ́n ti lo oògùn ẹ̀fọ́rí?”

Mo yọ èyí tó kù lápò wọn fún un. Ó ní kí wọ́n má fẹnu kàn án mọ́, pé ó ń dá egbò sí ikùn, kí wọ́n sì ṣíwọ́ ata jíjẹ.

Bí mílíìkì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, pẹ̀lú oògùn funfun kan tó dà bí ẹfun tí a pò mọ́ omi. Bàbá mi wo ife, wọ́n wò mí.

“Ṣé mo ti di ọmọ màlúù ni?”

“Ẹ mu ún, Bàbá.”

“Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni!”

Nọ́ọ̀sì dáhùn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì kejì: “Ẹ jẹ́ kí ẹ̀mí kọ́kọ́ wà ná, Bàbá.”

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e mu.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gbé ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ dé, ata rẹ̀ ń ta wá nímú láti ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì dínà fún wọn.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ lè fi ata ra egbò ẹsẹ̀ wọn yìí?”

“Èèwọ̀!”

“Irú egbò bẹ́ẹ̀ náà ló wà níkùn wọn.”

Màmá wo ẹsẹ̀ náà títí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n bu ọbẹ̀ náà fún àwa tó wá dúró ti aláìsàn. Bàbá mi ń fi ojú sin ẹja kọ̀ọ̀kan dé ẹnu wa. Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni Màmá ń gbé wá, àwọn fúnra wọn ló sì ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì kí àlejò má baà yọ́ gbé ata wọlé.

Èébì dúdú kò padà wá. Egbò ẹsẹ̀ ń san. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, àwọn obìnrin àdúgbò fi orin pàdé wa níbi tí lọ́rì ti já wa sílẹ̀.

“Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!” ni bàbá mi fi kígbe oríkì ìlú wa. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè láti fi bí wọ́n ṣe gbé àìsàn ṣánlẹ̀ hàn wá, Màmá ń pariwo pé kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá, èmi sì ń rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí mi.