Bùláńkẹ́ẹ̀tì Ìyá Ọdẹ Ariwo

Ọdẹ Ariwo ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, orúkọ náà kì í sì í ṣe ti ìfẹ́. Àwo irin ràgàjì kan wà ní pápá ẹ̀yìn àdúgbò náà tó ń gbọ́ rédíò ojú ọ̀run. Kì í ṣe rédíò oníròyìn o. Ohùn wẹ́rẹ́ tí àwọn agbo ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn ń rán wá ni, tó ti wà lójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó dáyé. Ohùn náà kéré débi pé áyọ́ọ̀nù tí wáyà rẹ̀ ti bó lè bò ó mọ́lẹ̀. Irú áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni àwo náà gba ọkùnrin yìí síṣẹ́ láti máa gbà káàkiri ojúlé. Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbọ́.

Nígbà òtútù kan, ìràwọ̀ kan ṣàdédé gbiná lókè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń pariwo lé ohùn rẹ̀ lórí. Ọ̀gá rẹ̀ níbi àwo náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, pè é.

"Ẹ bá wa wá a. Tí ìràwọ̀ yẹn bá fi lè rọlẹ̀, a ò ní gbọ́ ọ mọ́."

Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ariwo sínú ọkọ̀, ó ń tẹ̀ lé ibi tó júwe. Ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ló gbé e dé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná tí òun fúnra rẹ̀ rà fún ìyá náà ni wáyà rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo fẹ́ gbé e. Ó ń pariwo sí wọn létí."

Ìyá rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. "Èmi tí mi ò lóhùn mọ́, èmi náà ló ń pariwo?"

"Mà á ra òmíì wá lọ́la."

"Gbé e lọ. O gba ti gbogbo ayé, o wá fẹ́ fi tèmi sílẹ̀? A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìyẹ."

Ó fi kóòtù ara rẹ̀ bò ó, ó sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, kò rí bùláńkẹ́ẹ̀tì rà ní gbogbo ìsọ̀ tó wọ̀. Ìgbà tó máa fi rí òmíì rà gbé wá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tí òun ti gba áyọ́ọ̀nù tirẹ̀ rí ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀ tó ń dúró dè é. Obìnrin náà kò bú u. Ó kàn ní kó rọra wọlé, pé Màmá ti lọ láàárọ̀. Òtútù ti pa á.

Nígbà tó padà síbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ń yọ̀, kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ ṣeun gan-an. Bẹ́ ẹ ṣe pa á báyìí, gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, a gbọ́ ìràwọ̀ yẹn dáadáa. Kí ló tiẹ̀ ń pariwo yẹn?"

Bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun náà ṣì wà lábíyá rẹ̀ nínú ọ̀rá.

"Ìyá mi ni," ó ní.