Agolo Bíà Tí Bàbá Mi Kò Mu

Nígbà tí mo fẹ́ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dallas, ẹni méjì péré ni wọ́n ní kó wá jẹ́rìí sí ìwà mi. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja, ẹni mẹ́ta ni wọ́n bèèrè. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè fi ẹ̀mí aláìsàn lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó ti ẹja gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọlúàbí.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n bi mí bóyá ẹgbẹ́ apẹja kankan ti lé mi rí. Mo ní rárá o, Ọlọ́run ti ń pa mí mọ́. Wọ́n wá fún mi ní káàdì tó ní àwòrán mi, nọ́ńbà tí mo fi máa ṣí géètì, àti ìwé òfin ẹgbẹ́. Ìwé tí ìjọba fún mi kà kí n tó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò nípọn tó ìdajì rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹja inú omi. Ẹja inú ọbẹ̀ ni èmi mọ̀. Nítorí bàbá mi ni. Nígbà tí ìyá wa kú, mo mú bàbá kúrò ní Ẹ̀pẹ́ wá sọ́dọ̀ wa ní Mansfield, lẹ́bàá Dallas. Mo fún un ní yàrá tirẹ̀, mo ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn síbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó jókòó tì í. Kò ju oṣù kan lọ tí ọ̀rọ̀ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn ọmọ á kí i pé, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” ohunkóhun tó bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, òyìnbó ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo bi í pé báwo lòní ṣe rí, á ní, “A dúpẹ́.” Ó tán nìyẹn. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè wá parí ìjà káàkiri àdúgbò ni o, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láti ìrun àárọ̀ títí di àkókò oorun. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí lára àgbàlagbà. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ Sunday kan, à ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan lápá ìlú Floyd, la bá gba orí afárá kan kọjá. Bàbá tó ti ń tòògbé dìde jókòó. Ó ní, “Omi rèé.” Láti ibẹ̀ kò dákẹ́ mọ́ títí a fi dé. Ó sọ àwọ̀ omi, ó sọ ibi tí ẹja á sá sí, ó ní ọkùnrin tó dúró lápá ọ̀hún yẹn kò ní pa nǹkan kan lónìí. Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Lọ́jọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí a ṣe lè dé etí omi yẹn.

Ìgbà náà ni mo kọ́ ọgbọ́n ilẹ̀ yìí. Omi odò náà, gbogbo ènìyàn ló ni ín, ìjọba fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ní olówó tirẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ti lè fò, kò sẹ́ni tó máa dí ọ lọ́wọ́ láti gbádùn ohun tí í ṣe tìrẹ. Ẹgbẹ́ yìí ló gba etí omi ibẹ̀. Wọ́n ṣe ọ̀nà tó tẹ́jú, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì onípákó sí i, èyí tó bá orúnkún bàbá mi mu. Àwọn adágún tó wà fún gbogbo ayé nítòsí wa, alùpùpù orí omi ni wọ́n ń gùn kiri níbẹ̀.

Mo ṣàlàyé òfin àkọ́kọ́ fún bàbá: ẹja tí ẹ bá pa, ẹ máa dá a padà ni.

“Kí a tó sè é ni, àbí lẹ́yìn tí a bá sè é tán?”

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, kò pé wákàtí kan tó fi fa àrọ̀ kan jáde, ó gùn tó apá mi. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n wọn ẹja, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n sì rọra gbé e padà sínú omi. Bàbá dúró, ó ń wo ojú omi.

“Ṣé wọ́n ń bá ẹja ṣeré ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣé ẹja náà mọ̀?”

Ó mọ́ ọn lára nígbà tó yá. Gbogbo Sátidé la ń lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀, ó ń sọ nípa ọ̀sà, nípa ìyá wa nígbà tó wà ní omidan. Èmi tí mo ti rò pé mo mọ ìtàn ilé wa, mo jókòó gbọ́ tuntun. Inú mi ń dùn débi pé mo máa ń pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kí Sátidé má baà bọ́.

Àṣà méjì ni bàbá kó wá láti Ẹ̀pẹ́. Èkíní, ènìyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i, pàápàá lórí omi, níbi tí o ti gbọ́dọ̀ kí i lókèèrè kó lè mọ̀ pé ire lo bá wá. Ohùn tí wọ́n fi ń kí ara wọn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ lórí ọ̀sà ló fi ń ké sí wọn ní Texas: “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Ẹja á ta kìjí, apẹja á ta kìjí. Èkejì, a kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀ létí omi tó ń bọ́ ni. Nítorí náà, báàgì ọ̀rá dúdú kan kì í kúrò lápò rẹ̀. Bó bá ti ń lọ, á máa ṣa agolo bíà àti okùn ìwọ̀ tó ti lọ́ mọ́ra sínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ló ń jù wọ́n sílẹ̀, àwọn ọmọlúàbí tí ẹni mẹ́ta mẹ́ta jẹ́rìí sí.

Lójijì ni ìmeèlì dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àlejò mi ń pariwo lójú omi, àlejò mi ń mutí létí omi, àlejò mi ń fi okùn ìwọ̀ àti agolo dọ̀tí ilẹ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rí sí i. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ya àgbàlagbà kan tó dé fìlà, báàgì tó kún fún agolo bíà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, okùn ìwọ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Bàbá mi tó ti lọ sí Mẹ́kà! Bí o bá gbé ìgò móòtì síwájú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa bi ọ́ bóyá móòtì ni lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ka ìlà ìsàlẹ̀: ìgbìmọ̀ ń dúró dè mí, kí n wá sọ tẹnu mi.

Ibi tí mo ti gbọ́n bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa nìyí. Pálọ̀ bàbá mi ni mo dàgbà sí, mo sì ti rí gbogbo bí wọ́n ṣe ń parí ẹjọ́. Ẹni tó bá wọlé tó kúnlẹ̀, tó ní ẹ má bínú, ti bọ́ nínú ìdajì ọ̀ràn. Ẹni tó bá wọlé tó ń gbé ẹ̀rí jáde, ojú àwọn àgbà á le. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. O máa bẹ̀bẹ̀ fún èyí tí o ṣe, o máa bẹ̀bẹ̀ fún èyí tí o kò ṣe. Àwọn àgbà á wá ní kí o dìde, ó ti tán. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á yíjú sí ẹni tó fẹjọ́ sùn pé, “Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o rí i dájú?” Bí òótọ́ ṣe máa ń jáde nìyẹn.

N kò sọ fún bàbá. Mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ. Àwọn márùn-ún ló jókòó yí tábìlì ká. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, wọ́n sáré fa àga fún mi.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ dárí jì wá. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.”

Mo dúró kí wọ́n ní ó ti tán. Alága wọn, ọkùnrin onírun funfun kan tó dé àkẹtẹ̀ nínú ilé, mú bírò.

“Ṣé gbogbo ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ gbà?”

Lọ́dọ̀ tiwa, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ènìyàn ti túbọ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Ohunkóhun tí a bá ṣe tó bí yín nínú, sà, ẹ fojú fò ó.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún òtítọ́ inú, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé òde òní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé mi.

Orí freeway, nígbà tí mò ń wa mọ́tò lọ sílé, ni iyè mi ti sọ. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí mo mọ ohun tí bírò ń ṣe, èmi ni mo lọ fi ẹnu ara mi sọ bàbá mi di ọ̀mùtí. Mo dé ilé, mo parọ́ fún un pé wọ́n ń tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe. Ó gbà mí gbọ́. Ó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n, “A dúpẹ́” sì padà sẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà tí wọ́n fi lé mi dé sílé, ọmọbìnrin mi sì ṣí i kà. Yorùbá ọmọ náà kò tó ra ata. Ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀, ó ní, “Bàbá, did you drink beer?” Kò sí ẹni tó máa túmọ̀ bíà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, bàbá ti pa tẹlifíṣọ̀n.

“Wọ́n ní mo mutí?”

“Wọ́n ṣì yín mú ni, sà.”

“Nígbà tí wọ́n bi ọ́, kí lo wí?”

“Mo bẹ̀ wọ́n, sà.”

“O bẹ̀ wọ́n. Pé kí ni mo ṣe?”

Mo rọra ní, “Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀.”

Ó ní, “Àwọn tí mò ń bá parí ìjà, mo mọ bàbá tó bí wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́ ló lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́, ohun tí o bá sọ ló gbọ́.”

Ojú tì mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní kí n mú òun lọ bá wọn.

Ìwé òfin tó nípọn yẹn gba ẹni tí wọ́n bá lé láyè láti padà wá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú mọ́tò, bàbá kìlọ̀ fún mi. “Ohun tí mo bá sọ ni kí o sọ. Má fi ẹ jọ̀ọ́ kún un.”

Ó dìde dúró níwájú wọn. Ó ní, “N kò mu ún. N kò jù ú síbẹ̀. Mò ń ṣà á ni.”

Mo la ẹnu. Sorry ti jókòó sórí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ní òyìnbó bí bàbá ṣe sọ ọ́. Alága bi mí pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí mo fi tọrọ àforíjì? Mo wá òyìnbó rẹ̀ títí. N kò rí i. Mo ní, “Mò ń kí yín ni.”

Obìnrin kan nínú wọn ní kí wọ́n wo fọ́tò tí kámẹ́rà yà ṣáájú ti bàbá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n wò ó: ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ó ń ju agolo sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ èékánná rẹ̀ wò, ó ní ṣé kò ní dára kí a tètè parí ìpàdé yìí.

Lẹ́tà tuntun dé. Wọ́n ti dá wa padà, ọ̀rọ̀ ti parí, kí a ṣáà máa rántí ọ̀rọ̀ ariwo yẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ní, “Ṣé wọ́n bẹ̀bẹ̀?”

“Rárá, sà.”

Nígbà tí Sátidé dé, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀. Mo nawọ́ sí báàgì ọ̀rá tó so rọ̀ lára ilẹ̀kùn kíṣíìnì. Ó ní, “Jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Agolo mẹ́ta wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì nígbà tí a débẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò wò wọ́n. Àwọn ènìyàn ń kọjá, kò kí ẹnì kankan. Alága náà kọjá, ó ṣí àkẹtẹ̀ fún wa, ó ní ibí mà tòrò lónìí o. Bàbá bi mí ohun tó wí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó ní, “A dúpẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Torí kí n má baà gbọ́ ọ mọ́ ni mo ṣe mú un wá sí etí omi. Mo dìde, mo kọjú sódì kejì, mo pariwo, “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Ohùn mi há, kò dé àárín odò.

Bàbá gbójú sókè. “Ta lò ń kí yẹn, eku?”

Ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ó ní, “Inú ikùn ni wọ́n ti ń gbé e wá.” Ó mí kanlẹ̀, ó sì ju ìkíni náà sórí omi tààrà. Ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Ẹnì kan lódì kejì jẹ́ kí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. Alága tó ti ń lọ dúró, ó yíjú padà wò wá, mo sì wo òun náà. N kò bẹ̀ ẹ́.