Ẹni Tó Lù Ni Yóò Di Yìnyín Mú

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kọjú sí ṣọ́ọ̀bù áísìkiriìmù kan ní Bẹẹrẹ, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí Màpó. Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ibẹ̀, wọ́n á ní áísìkiriìmù ibẹ̀ dùn, pàápàá èyí tí ìyá tó ni ín máa ń fi àgbálùmọ̀ ṣe nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Wọn ò purọ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń wo ẹnu ọ̀nà wọn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló sọ ṣọ́ọ̀bù yẹn di ti gbogbo wa.

Wọ́n ní a kì í wáyé ká má làrùn kan lára, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Àrùn yẹn ò fo àdúgbò wa. Àwọn ọmọ òkè òpópónà wa àti àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Bọ́ọ̀lù lè dá a sílẹ̀, ọmọbìnrin lè dá a sílẹ̀, ti ìgbà ìbò kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi ìgò ya lẹ́nu. Mo ti rí ẹni tó kúnlẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, tó ń wá etí rẹ̀ kan nínú ẹrọ̀fọ̀.

Ìyá yìí ló ní fíríísà tó tóbi jù ládùúgbò, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sì í kú. Ẹni tí wọ́n bá lù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e lọ fún yìnyín kó tó di pé wọ́n wá mọ́tò ọsibítù. Kì í bèèrè bóyá òkè lo ti wá tàbí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan, òfin yẹn ló sì ń bí mi nínú. Ẹni tó bá lu èèyàn ni yóò di yìnyín mú sójú ọgbẹ́ náà títí yìnyín yóò fi yọ́. Bó bá kọ̀, òun, ìyàwó rẹ̀ àtọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún fẹnu kan áísìkiriìmù ibẹ̀ láàárín wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ẹkún lé jáde nílé, tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó di yìnyín mú sórí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi àdá ṣá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Omi pupa ń kán sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ìyá bu áísìkiriìmù sínú abọ́ kan, ó ki ṣíbí méjì bọ̀ ọ́, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Mo sọ tèmi fún un. Mo ní, “Màámi, ẹ̀ ń bá wọn ṣeré ni. Irú àwọn wọ̀nyí, ẹ̀wọ̀n ló yẹ wọ́n.”

Ó ní, “Wọ́n ti lọ ẹ̀wọ̀n rí, wọn ò ha padà wá? Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara ẹ̀ gbá ọgbẹ́ tó dá mú, ọwọ́ yẹn á rọ̀ díẹ̀.”

“Díẹ̀ ò tó, ẹ jọ̀ọ́.”

“Díẹ̀ náà ni mo ní, ọmọ mi.”

Ìgbà eégún ni ìjà tó burú jù dé. Eégún ilé kan ní òkè kì í gba ìsàlẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìsàlẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún yẹn, wọn ò ránṣẹ́. Wọ́n kàn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́ ni, bí ẹni pé ilẹ̀ bàbá wọn ni gbogbo rẹ̀. Kí n tó ti fèrèsé mi, òkò ti ń rọ̀ bí òjò. Wọ́n fọ́ ìsọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n dáná sun ọ̀kadà kan, wọ́n sì fi igi tó ní ìṣó lórí fa ẹ̀yìn ẹnìkan ya lójú mi báyìí.

Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń jẹ áísìkiriìmù ti sá sẹ́yìn fíríísà. Nítorí tiwọn ni ìyá ṣe jáde láti fa ilẹ̀kùn onírin rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó ti nàró síbẹ̀ ni òkò ti bà á lójú òsì. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti òdì kejì títì. Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Èyí ò pẹyẹ lóòótọ́, ìyá gbogbo wa ló dá dùbúlẹ̀.

Àdá wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn òkè ní, “Ẹ̀yin lẹ jù ú.” Àwọn ìsàlẹ̀ ní, “Irọ́ ni, ẹ̀yin ni.” Àdá tún ń gòkè. Àwọn kan fẹ́ gbé e lọ ọsibítù, àwọn kejì ní ọwọ́ àwọn yẹn kò ní kàn án. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ìyá sì ń kú lọ lójú wa báyẹn.

Mo sá sọdá pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú mi lọ́wọ́, gbígbóná. Mo bu yìnyín sínú náílọ́ọ̀nù, mo kúnlẹ̀ tì í. Ó gbá ọwọ́ mi kúrò.

Ó ní, “Ẹni tó jù ú dà? Kó wá dì í mú.”

Ó pẹ́ kí ọkùnrin bíríkìlà kan láti ìsàlẹ̀ tó ju igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Èmi ni, mà,” ló wí. Àwọn tirẹ̀ fà á lẹ́wù, ó já ara rẹ̀ gbà. Ọmọ òkè kan fi pákó gbá a lẹ́yìn, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó dé iwájú mi, mo gbé áyọ́ọ̀nù sókè. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ojú san ojú.

Ìyá di etí ìró mi mú. “Fún un ní yìnyín.”

Mo kọ́kọ́ tutọ́ sí i lára. Mo wá fún un.

Ọlọ́kadà kan láti òkè ló gbé wọn. Ìyá wà láàárín, bíríkìlà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ kan gbá a mọ́ra, ó sì di yìnyín mọ́ ọn lójú pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Tòkè tìsàlẹ̀ ló yà fún wọn. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú là bá gbé sílé. Ojú náà kò ṣeé gbà là.

Ìyá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà, èrò ibẹ̀ sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bíríkìlà yẹn máa ń wá bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán. Apá òsì ìyá ló máa ń dúró sí, níbi tí kò ti lè rí i, torí ojú ń tì í. Ìyá á yí gbogbo orí rẹ̀ padà, á ní, “Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni, mà.”

“Bọ́ sápá ìhín, jẹ́ n rí ẹ.”

Á bọ́ síbẹ̀. Ìyá á bu áísìkiriìmù sínú abọ́ kan, á ki ṣíbí méjì bọ̀ ọ́, á jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á jọ máa jẹ. Èmi ò tíì dárí jì í. Bó bá kí mi, n kì í dáhùn. Mo máa ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà mi, inú á máa bí mi, omi á sì máa dà lójú mi méjèèjì.